Ẹyẹ Tó Ń Lọ, Ẹyẹ Tó Ń Bọ̀

Àbámẹ́ta, 8 Fẹ́búárì 1958. Ìpakodò

Mo ra ìwé yìí ní ṣílè kan àti tọ́rọ́ nítorí pé orí mi ti kún jù, kò gba nǹkan mọ́. Bí mo bá ń kọ ọ́ síta, bóyá àyè díẹ̀ á wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ méjì ló dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ọláṣẹ́gun, ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣe tíṣà ní Ìgbògbò, mú ìwé ìròyìn wá bá mi. Ilé-iṣẹ́ bàálù tuntun kan ní Èkó ń wá àmì tí wọn yóò kùn sára bàálù wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ àwòrán yà lè fi tirẹ̀ ránṣẹ́, kó ṣáà ti dé ọ̀dọ̀ wọn kí oṣù Épírì tó parí.

Èkejì ni ti Alfa Sàlísù, bàbá Ṣẹ̀rífátù, ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́. Alfa ti fi orúkọ sílẹ̀ láti lọ sí Mẹ́kà lọ́dún yìí. Ẹni tó bá ń lọ sí Mẹ́kà á kọ́kọ́ yanjú gbogbo ohun tó wà nílé rẹ̀: gbèsè, ìjà ilẹ̀, ọmọbìnrin tó ti tó lọ sílé ọkọ. Ṣẹ̀rífátù ti tó. Oṣù Méè ni bàbá rẹ̀ ń lọ. Bí wọn ò bá fi í fún mi kó tó di ìgbà náà, Yẹ̀kínì ọmọ onípáànù Ìgbògbò ni wọn yóò fún. Yẹ̀kínì! Ọkùnrin tó ń fi òróró pa bàtà.

Mo sọ fún Ọláṣẹ́gun pé ọkọ̀ ojú omi ni mo ń kùn, mi ò mọ bàálù. Ó ní, "Kí ni ìyàtọ̀? Ọkọ̀ náà ni gbogbo ẹ̀." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tèmi kì í já bọ́ láti ojú ọ̀run.

Àìkú, 16 Fẹ́búárì

Mo wọ ọkọ̀ Bàbá Ògúnsànyà lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ bá Alfa nílé wọn. Ọkọ̀ mẹ́ta ni bàbá náà ní, èmi ni mo sì ń kun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń ka ohun tí màá sọ fún Alfa. Mo dé ibẹ̀ tán, n kò rántí ẹyọ kan.

Alfa ní, "Iṣẹ́ wo lo ń ṣe gan-an?"

"Mo ń kun ọkọ̀, Alfa. Mo ń kọ orúkọ sí i, mo sì ń ya àmì sí i kí àwọn èrò lè mọ̀ ọ́n."

"Àmì bí i kí ni?"

Ahọ́n mi yìí, ọ̀tá mi ni. "Ẹja, Alfa. Ẹyẹ. Mo ya kìnnìún kan fún àwọn ará Àgbówà."

Wọ́n gbé tẹsùbáà wọn kalẹ̀. "Ẹni tó bá ya ohun ẹlẹ́mìí, lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀, ọjọ́ ìdájọ́, wọn á ní kó mí èémí sí i. Ṣé o lè mí èémí sí kìnnìún?"

"Rárá, Alfa."

"Mi ò wá lè fún ẹ lọ́mọ. Ta ni yóò máa dúró tì í níbẹ̀ nígbà tí o bá ń mí?"

Ṣẹ̀rífátù sìn mí dé èbúté. Ó ní, "Bùrọ̀dá Bísíríyù, ṣé dandan ni kí ẹ dárúkọ kìnnìún ni? Ẹ ò lè sọ pé àgbọn lẹ yà?" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Ajé, 24 Fẹ́búárì

Ọyẹ́ ti lọ pátápátá. Ooru. Ọ̀dà funfun tún ti wọ́n sí i. N kò ya nǹkan kan.

Ọjọ́rú, 5 Máàṣì

Ọláṣẹ́gun yá ìwé kan nílé-ìwé wọn, àwòrán bàálù gbogbo orílẹ̀-èdè ló wà nínú rẹ̀. A jókòó sábẹ́ igi àgbálùmọ̀, a ń ṣí i. Ẹyẹ. Ẹyẹ. Ìyẹ́ tí kò ní ẹyẹ. Ìràwọ̀. Ọfà. Ẹyẹ tó dé adé. Ayé róbótó tí wọ́n fi okùn wé. Àwọn kan tilẹ̀ ya ẹṣin tó ní ìyẹ́. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n pàdé ẹ̀ lọ́nà.

"Ṣé o rí i," ni Ọláṣẹ́gun wí, bí ìgbà tó ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, "ohun tó ń fò, ohun tó ń tàn, tàbí ohun tó ń sáré ni gbogbo wọn ń yà. Ẹyẹ ló sì pọ̀ jù. Ya ẹyẹ."

"Alfa ńkọ́?"

"Ṣé Alfa ló ni bàálù ni?"

"Alfa ló ni Ṣẹ̀rífátù."

Ó pa ìwé rẹ̀ dé. Nígbà tó lọ, mo gbìyànjú ìràwọ̀, ó rí bí àmì ara garawa epo. Mo gbìyànjú ọfà. Ìyá mi wò ó, wọ́n ní ṣé ogun làwọn èèyàn náà ń lọ jà ni. Mo ya ayé róbótó, ó jọ ọsàn. Mo jẹ ọsàn, mo sùn.

Jímọ́ọ̀, 14 Máàṣì

Mo ṣe àṣìṣe kan lónìí: mo bi àwọn èèyàn èbúté pé ẹyẹ wo ló dára láti yà sára bàálù, bí mo bá tilẹ̀ máa ya ẹyẹ.

Ìyá mi ní, "Kò sí èyí tó dára. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé àwọn ìyá àgbà ló ni bàálù?"

Bàbá Ògúnsànyà ní àṣá, nítorí àṣá lágbára. Fàlílátù tó ń ta ìkòkò lẹ́bàá omi yarí. "Àṣá tó ń gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ! Ta ló máa gbọ́mọ pọ̀n wọnú àṣá?" Ẹnìkan ní ẹyẹlé. Bàbá Ògúnsànyà ní ohun tí àwọn fi ń rúbọ nílé àwọn, àwọn ò lè wọ̀ ọ́ lọ sókè. Ọláṣẹ́gun ní òkín, ẹyẹ ọba. Mo bi í pé ṣé ọba nìkan ni yóò máa wọ bàálù. Ẹnìkan dárúkọ igún, wọ́n lé e. Ẹnìkan dárúkọ pẹ́pẹ́yẹ, inú bí mi, mo wọlé.

Orí mi dàrú ju ti àná lọ. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ti lọ, mi ò ní àmì, mi ò ní ìyàwó. Bí mo bá ya ẹyẹ, mo pàdánù Ṣẹ̀rífátù. Bí mi ò bá yà á, kí ni màá fi han bàbá rẹ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ mi níyì?

Àbámẹ́ta, 22 Máàṣì

A rí oṣù. Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi jí mi fún sààrì, mo ń ya ẹyẹ lójú àlá, mo sì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún nù.

Ọjọ́bọ̀, 3 Épírì

Òjò rọ̀ lánàá, ó fọ eruku orí páànù gbogbo ilé. Mo jókòó ní èbúté pẹ̀lú ẹnu gbígbẹ. Ìyá arúgbó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Ọkọ̀ kan yọ lọ́ọ̀ọ́kán láti ọ̀nà Àgbówà. Wọ́n ní, "Ọkọ̀ Ògúnsànyà nìyẹn. Ọmọ mi wà nínú ẹ̀."

Mo ní, "Ìyá, báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n láti ibí yìí?"

"Mo rí ohun pupa."

Èmi ni mo kun ohun pupa yẹn. Ẹja ni. Mo ya ìpẹ́ sí i, mo ya ojú, ọjọ́ mẹ́rin ni mo lò lórí ẹ̀. Ìyá yìí ò rí ẹja kankan. Pupa ni wọ́n rí, ọkàn wọn sì balẹ̀.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ohun tí mo sì mọ̀ nìyẹn tẹ́lẹ̀: ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ ló ni àmì, kì í ṣe ẹni tó dúró tì í. Kí ló wá ṣe mí láti Fẹ́búárì tí mo ń ya èékánná ẹyẹ? Mo gbójú sókè báyìí, àwọn lékeléke ń kọjá lọ. Láti ìsàlẹ̀, mi ò rí ojú, mi ò rí ẹnu. Funfun kan ṣoṣo ni, àti ìyẹ́ tó tẹ̀.

Mo sáré wọlé. Mo mú páànù pẹlẹbẹ, mo gé ìrísí rẹ̀ jáde láàárín, kí n lè gbé e lé ara pákó kí n sì kùn ún. Ó jẹ́ ẹyẹ, kò sì jẹ́ ẹyẹ. Mi ò tíì mọ̀ bóyá ọgbọ́n nìyẹn tàbí ẹ̀tàn.

Àbámẹ́ta, 12 Épírì

Awakọ̀ mú lẹ́tà Ṣẹ̀rífátù wá láti Ẹ̀pẹ́. Mo dà á kọ síbí nítorí pé ó ní kí n fa lẹ́tà náà fúnra rẹ̀ ya.

"Bùrọ̀dá mi, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Ẹ̀rù bàálù tí wọ́n máa wọ̀ lọ sí Mẹ́kà ń ba Bàbá. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹnìkan ti wọ̀ ọ́ rí, wọ́n á ránṣẹ́ pè é, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń bi í: báwo ló ṣe ń mọ ọ̀nà ilé nígbà tí kò sí igi, tí kò sí èbúté lókè? Wọ́n ní àlọ ò ba àwọn lẹ́rù, ẹni tó bá kú lọ́nà Mẹ́kà ti jèrè. Àbọ̀ ló ń bà wọ́n lẹ́rù, nítorí tiwa. Yẹ̀kínì mú páànù ìbolé mẹ́rin wá fún ìṣínu àná. Ta ló ń fi páànù ṣínu?"

Mo ka ìlà tó kẹ́yìn yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àánú Alfa ṣe mí, inú sì ń bí mi sí wọn. Ṣé èèyàn lè ṣe méjèèjì pọ̀?

Jímọ́ọ̀, 18 Épírì

Bàbá Ògúnsànyà gbà kí n dán àmì náà wò lára ọkọ̀ wọn ńlá. "Àmọ́ bó bá burú, ahọ́n ni wàá fi lá a kúrò."

Mo ti ká etí páànù náà sókè lójú kan kí n lè rí i dì mú, nítorí náà kò ṣeé yí sódì. Mo kun ẹ̀gbẹ́ òsì. Mo wọnú omi, mo yí ká, mo kun ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Oòrùn, ààwẹ̀, òórùn ọ̀dà. Bí wọ́n ṣe ń pe ìrun Alásárì ni mo parí. Ó lẹ́wà! Èmi ni mo sọ ọ́ fúnra mi, kò sẹ́lòmíì níbẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 22 Épírì

Ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Mo ti wá mọ ìtumọ̀ rẹ̀ lónìí.

A ṣọdún lánàá, ara gbogbo èèyàn yá. Láàárọ̀, èrò kún ọkọ̀ ńlá, wọ́n ń lọ kí ará wọn ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ọkọ̀ ló kọjú sí èbúté. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ọdún mi, mo ń dúró de ìyìn. Fàlílátù oníkòkò gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀, ó wò ó, ó gbé ẹsẹ̀ náà padà.

"Ẹ̀yin èèyàn, ẹ wo ẹyẹ yìí! Iwájú lọkọ̀ ń lọ, ẹ̀yìn lẹyẹ ń sá sí! Kí ló rí lójú omi?"

Mo wò ó. Yéè! Páànù kan náà ni mo gbé lé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láì yí i. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, lékeléke kọjú sí iwájú ọkọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, ìdí ọkọ̀ ló ń fò lọ.

Wọ́n sọ̀kalẹ̀ tán pátá. Ẹni tó ti jókòó sọ̀kalẹ̀, ẹni tó ti sùn sọ̀kalẹ̀. Ìrẹsì tó yẹ kó dé Ẹ̀pẹ́ nìkan ló lọ, torí ìrẹsì ò lẹ́nu. Bàbá Ògúnsànyà ò pariwo, ìyẹn ló burú jù. Wọ́n ní, "Bísíríyù, kí ọkọ̀ yẹn tó lo ọjọ́ mẹ́ta sí i, kí n má rí ẹyẹ lára ẹ̀ mọ́. Kí n má sì rí ìwọ náà."

Ọjọ́bọ̀, 24 Épírì

Màá kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Mo mú ọ̀bẹ ìfá-ọ̀dà lọ sí èbúté láti dúró de ọkọ̀ ńlá. Ó dé láti Ẹ̀pẹ́, èrò wà nínú rẹ̀ dáadáa. Ní Ẹ̀pẹ́, ẹ̀gbẹ́ òsì ni wọ́n ń gbà wọlé, ẹyẹ tó ń lọ síwájú ni wọ́n rí. Ta ló kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀? Alfa Sàlísù, wọ́n wá kí àbúrò wọn ní Ìkòròdú kú ọdún. Mo sá sẹ́yìn àwọn àpò gàrí.

Alfa sọ̀kalẹ̀, wọ́n yíjú padà, wọ́n sì rí i. Wọ́n dúró. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀ títí àwọn alábàárù fi ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yà lọ́nà.

"Ta ló kun eléyìí?"

Gbogbo èbúté tọ́ka sí àpò gàrí. Mo jáde, mo dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́.

"Dìde. Ojú ẹyẹ yìí dà?"

"Kò lójú, Alfa."

"Ẹnu rẹ̀ ńkọ́?"

"Kò lẹ́nu, Alfa. Kò sí ibi téèyàn lè gbà mí èémí sí i."

Mo rò pé wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín. "Ní Ẹ̀pẹ́, mo rí i tó ń lọ. Mo dé ibí, mo rí i tó kọjú sí ọ̀nà tí mo gbà wá. Ó ń padà lọ sílé mi. Ta ló kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀?"

Irọ́ wà lẹ́nu mi, irọ́ tó dùn. Mo gbé e mì. Mo ní, "Àṣìṣe ni, Alfa. Mi ò yí páànù. Ọ̀bẹ rèé, mo fẹ́ fá a ni."

"Má fá a." Wọ́n gbọ́ ohùn ara wọn, wọ́n wá sọ ọ́ pẹ̀lẹ́. "Bí èèyàn bá ń rìnrìn àjò, àdúrà méjì là ń ṣe fún un. Àwọn tó ń ya ẹyẹ sí ọkọ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń rántí."

Fàlílátù ti gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ó gbé ìkòkò rẹ̀, ó ní àlọ òun àti àbọ̀ òun ni, ó wọnú ọkọ̀. Obìnrin yìí kan náà! Bàbá Ògúnsànyà ń wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá mo jí nǹkan wọn tàbí mi ò jí i.

Alfa ò sọ gbólóhùn kan nípa Ṣẹ̀rífátù.

Ajé, 28 Épírì

Mo fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí Èkó, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì: òsì ń lọ, ọ̀tún ń bọ̀. Ọláṣẹ́gun ló kọ lẹ́tà òyìnbó rẹ̀. Ó ní wọ́n á fi mí ṣẹ̀sín. Mo ní wọ́n ti fi mí ṣẹ̀sín ní Ìpakodò, ti Èkó ò lè jù ú lọ.

Ṣé àṣìṣe tí ẹlòmíì bá yìn ṣì ń jẹ́ àṣìṣe? Mi ò mọ̀ mọ́.

Àìkú, 11 Méè

Alfa ránṣẹ́ pè mí sí Ẹ̀pẹ́. Mo wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò pé ọjọ́ náà ti pé.

Àpótí páànù ni wọ́n gbé síwájú mi, èyí tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sí Mẹ́kà. "Wọ́n ní àpótí á pọ̀ bí iyanrìn níbẹ̀. Mi ò ka ABD, lẹ́bìrà ibẹ̀ ò sì ka Yorùbá. Bí mo bá sì fi Lárúbáwá kọ orúkọ mi, Sàlísù tó wà níbẹ̀ á pọ̀ jù. Ya nǹkan rẹ yẹn sí i, kí n lè mọ tèmi láti òkèèrè. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, bó o ṣe yà á sára ọkọ̀. Má yí páànù."

Mo kùn ún níwájú wọn. Ṣẹ̀rífátù gbé omi wá fún mi lẹ́ẹ̀mẹrin, òùngbẹ ò sì gbẹ mí. Mo parí, Alfa dúpẹ́, wọ́n sì wọlé lọ kírun. Ó tán. Mo wọ ọkọ̀ padà wálé.

Àìkú, 25 Méè

Alfa lọ lónìí. Gbogbo ìdílé wọn ló sìn wọ́n dé Ìpakodò níbi tí wọ́n ti máa wọ ọkọ̀ Èkó. Yẹ̀kínì náà wá, bàtà rẹ̀ ń dán. Alfa kí gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n tọrọ àforíjì bí ẹni tó ń lọ sí ìrìn àjò yẹn ṣe ń ṣe. Wọ́n wá ní, "Mo ti san gbèsè mi. Mo ti pín ilẹ̀. Ohun gbogbo ti yanjú, ó ku ẹyọ kan. Ti Ṣẹ̀rífátù, mi ò dá sí i. Ó di àbọ̀ mi."

Ẹnu ya gbogbo èèyàn. Àbúrò wọn ní, "Alfa, a kì í fi ọmọbìnrin sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sí Mẹ́kà." Wọ́n ṣáà wọ ọkọ̀. Yẹ̀kínì wò mí, mo wò ó, fún ìgbà àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì jọra.

Kí ni mo ṣe? Ṣé wọ́n kọ̀ mí ni? Bí wọ́n bá kọ̀ mí, kí ló dé tí wọn ò fún Yẹ̀kínì? Bí wọ́n bá fẹ́ mi, kí ló dé tí wọn ò sọ? Ṣẹ̀rífátù pàápàá ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, 26 Júùnù

Òjò ọjọ́ mẹ́ta. Lékeléke kankan ò sí mọ́, gbogbo wọn ti lọ. Tọ́rọ́ ni wọ́n ń ta gàrí tí wọ́n ń ta ní kọ́bọ̀ méjì tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́rú, 9 Júláì

Lẹ́tà dé láti ilé-iṣẹ́ bàálù. Ọláṣẹ́gun kà á fún mi pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń sọ ọ̀rọ̀ òkú. Wọ́n dúpẹ́, wọn ò mú tèmi. Wọ́n ní iṣẹ́ náà mọ́, ṣùgbọ́n ẹyẹ kan ń fò sẹ́yìn, kí n kíyè sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ iwájú.

Mo rẹ́rìn-ín títí Ọláṣẹ́gun fi dìde lọ pe ìyá mi. Lẹ́yìn náà mo sunkún díẹ̀. Mo ti rò pé bí àmì mi bá wà lójú ọ̀run, Alfa á gbójú sókè, wọ́n á sì rí mi.

Àbámẹ́ta, 2 Ọ́gọ́ọ́sì. Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń kọ èyí

Ọkọ̀ Èkó gúnlẹ̀ sí Ìpakodò lọ́sàn-án. Mo ń kun ọkọ̀ kan lọ́wọ́, mi ò mọ̀ pé òní ni. Mo gbójú sókè, mo rí ohun funfun lára àpótí kan lọ́ọ̀ọ́kán. Mi ò tíì rí ojú ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀ náà tí mo fi mọ̀ pé Alfa ti dé.

Wọ́n ti rù, agbádá Mẹ́kà wà lọ́rùn wọn, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Yẹ̀kínì ti dúró síbẹ̀ ṣáájú mi, ó sì ti gbé àpótí náà dání. Àna ọkùnrin ló ń gbé ẹrù bàbá ìyàwó, gbogbo èèyàn èbúté ló sì mọ ohun tó ń ṣe. Mo dúró lókèèrè pẹ̀lú ọ̀dà lọ́wọ́.

"Alájì Sàlísù, ẹ kú àbọ̀," ni àbúrò wọn wí. "Ọ̀rọ̀ ọmọ tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ yẹn kò dùn mọ́ wa nínú o. Ẹ yanjú gbogbo nǹkan, ẹ wá fi ìyẹn sílẹ̀."

Alájì ní, "Ẹni tó bá yanjú gbogbo nǹkan tán, kí ló ń bọ̀ wá ṣe? Mo fi ọ̀kan sílẹ̀ kí n lè padà. Lókè yẹn, nígbà tí ìjì ń mì wá jìgìjìgì, mo ń sọ fún Ọlọ́run pé mi ò tíì gbé ọmọ mi fún ọkọ rẹ̀, kò sì yẹ kí n kú báyìí." Wọ́n fi ọwọ́ kan èjìká Yẹ̀kínì pẹ̀lẹ́. "Ọmọ mi, o ṣeun. Sọ ọ́ kalẹ̀. Bísíríyù, kí lo dúró wò? Ẹyẹ rẹ rèé. Gbé e."

Mo gbé e. Ó wúwo bí ẹni pé wọ́n di Mẹ́kà gan-an sínú rẹ̀. Mo gbé e sínú ọkọ̀, mo gbé e jáde ní Ẹ̀pẹ́, mo rù ú láti etí omi dé ẹnu ọ̀nà wọn, ọ̀dà ọwọ́ mi sì ti ta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ṣẹ̀rífátù ló bá mi sọ ẹrù náà kalẹ̀.